Kí ló dé tí ẹ́kò àti MRI kì í bára mu lórí ìwọ̀n yàrá ọkàn?

Aláìsàn kan lè gba èsì ẹ́kò (ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán ọkàn) lónìí pé yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ọkàn òun gba ẹ̀jẹ̀ mílílítà 112 nígbà tó kún, kí ó lọ ya MRI (ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yàwòrán inú ara) lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n kọ 148 fún un. Ẹbí á ní ọkàn ti wú sí i. Dókítà tí kò bá fara balẹ̀ lè fi kún oògùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkàn náà kò yí padà rárá, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú ẹ̀rọ méjèèjì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n ni kò dọ́gba. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èsì ọkàn ní Èkìtì mú dání nìyí, yálà ní Ìdó, Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìkọ̀lé: iye tí a kò kọ orúkọ ọ̀nà tí a fi wọ̀n ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Ẹ jẹ́ ká tú àpẹẹrẹ yẹn wò. Ká sọ pé ẹ́kò rí 112 nígbà tí yàrá kún jùlọ, ó sì rí 47 nígbà tó fún pọ̀ jùlọ. Ohun tó tì jáde jẹ́ 65, ìyẹn ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. MRI rí 148 àti 62. Ó tì 86 jáde, ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún náà ló sì jẹ́. Ìdá tí à ń pè ní EF bára mu, bẹ́ẹ̀ mílílítà jìnnà síra, nítorí pé ohun tó dín iye kíkún kù lójú ẹ́kò ló dín iye fífún kù pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí EF fi ṣeé gbé láti ẹ̀rọ kan bọ́ sí èkejì díẹ̀ ju mílílítà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní àyè àṣìṣe tirẹ̀.

Ẹ́kò: ìlà kan, ojú méjì

Inge Edler àti Carl Hellmuth Hertz ló kọ́kọ́ fi ìró tí etí kì í gbọ́ wo ọkàn, ní Lund ní orílẹ̀-èdè Sweden lọ́dún 1953. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà gba àárín yàrá ọkàn kọjá. Wọ́n á wọn fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi ìṣirò sọ ọ́ di ìwọ̀n. Ìṣirò Teichholz ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ títí di òní. Ẹ fi fífẹ̀ náà lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi 7 lọ́nà ohun tó bá jáde, kí ẹ pín in sí àpapọ̀ fífẹ̀ náà àti 2.4. Bí fífẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 jẹ́ 125. Ẹ fi 7 lọ́nà rẹ̀, ó di 875. Ẹ pín in sí 7.4, ó di 118. Ẹ wá wò ó bí ọwọ́ bá yẹ̀ tí a gbé àmì sí 5.2: ìdáhùn á fò sókè lọ sí bíi 130. Mìlímítà 2 péré ti fi ohun tó lé ní mílílítà 11 kún ọkàn ẹni.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ìṣirò yìí gbà pé bákan náà ni gbogbo ọkàn ṣe rí. Ọkàn tí apá kan ògiri rẹ̀ ti kú kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àárín rẹ̀ lè máa fún dáadáa nígbà tí ṣóńṣó rẹ̀ dúró gbagidi, ìlà tó gba àárín kọjá kò sì ní rí ṣóńṣó. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ oníẹ́kò Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù jọ gbé jáde lọ́dún 2015 sọ pé kí a yéé fi ọ̀nà yìí wọn ìwọ̀n yàrá òsì. Síbẹ̀ ẹ ṣì máa rí i nínú èsì, torí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde gbàrà tí a bá wọn fífẹ̀ tán. Bí ẹ bá rí "Teich" lẹ́gbẹ̀ẹ́ EF, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà tí ìlànà náà fọwọ́ sí ni ti Simpson, tí wọ́n fi orúkọ Thomas Simpson pè, onímọ̀ ìṣirò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú lọ́dún 1761. Bí a ṣe ń gé iṣu ní ìbú kí a tó gbé e kaná ni: bí a bá mọ fífẹ̀ ojú ègé kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe nípọn tó, a ó mọ ìwọ̀n gbogbo iṣu náà, ìbáà wọ́, ìbáà tọ́. Ẹ̀rọ á gé yàrá ọkàn sí ègé 20 láti ibi fáàfù dé ṣóńṣó. Bí gígùn yàrá bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, ègé kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 0.4. A ó wo fífẹ̀ rẹ̀ lójú méjì, ojú tó ń fi yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn àti èyí tó ń fi méjì hàn. Ègé tó fẹ̀ tó 4.5 lójú kan, tó fẹ̀ tó 4.2 lójú kejì, gba bíi mílílítà 6. Ẹ̀rọ á ro gbogbo ogún rẹ̀ pọ̀.

Ìṣirò yìí dára, ṣùgbọ́n àwòrán tí a bá gbé fún un ló máa ṣírò. Ibi tí iṣẹ́ sì ti ń bàjẹ́ jù ni ṣóńṣó.

Pírọ́ọ̀bù, ìyẹn ohun tí a ń tẹ̀ mọ́ àyà tí ìró ń ti inú rẹ̀ jáde, gbọ́dọ̀ jókòó sí orí ṣóńṣó ọkàn gan-an. Bó bá fi ìhà kan péré gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìró á gba ẹ̀gbẹ́ ọkàn wọlé, ṣóńṣó á ṣẹ́ kù sẹ́yìn, ọkàn tí a rí lójú ẹ̀rọ á kúrú, á sì ṣe róbótó. Sẹ̀ǹtímítà 1 tó bá sọnù nínú gígùn 9 ti mú ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ìwọ̀n náà lọ. Nínú 120, mílílítà 13 nìyẹn, kódà bí fífẹ̀ gbogbo ègé bá péye. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ṣóńṣó tòótọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan bí ọkàn bá ń lù. Èyí tó nípọn, tó rí róbótó, tó ń sáré bọ̀ lọ́nà fáàfù ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá fún, ẹ̀gbẹ́ ọkàn ni, kì í ṣe ṣóńṣó. Ẹ fa pírọ́ọ̀bù wá sísàlẹ̀ ní ìhà kan, ẹ sún un sí ọ̀nà abíyá díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gígùn yàrá lójú méjèèjì wéra. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀kan nínú wọn ti gé ṣóńṣó dànù. Ẹ tún un yà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Bí aláìsàn ṣe dùbúlẹ̀ ló ń mú kí èyí ṣeé ṣe. Ẹ ní kí Màmá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí wọ́n ká apá òsì sábẹ́ orí, kí àyè lè là láàárín ìhà. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gé àyè sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún pírọ́ọ̀bù ló dára jù. Níbi tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún dé etí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn. Bí wọ́n bá fi òrí tàbí àdín para, ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó lẹ okùn ECG mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń fi ìlù ọkàn han ẹ̀rọ, torí okùn tí kò bá lẹ̀ dáadáa á máa já, ẹ̀rọ á sì máa ṣi ìgbà kíkún mú. "Mà, ẹ mí sínú díẹ̀. Ẹ mí síta. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀." Ẹ gba ìlù ọkàn mẹ́ta sílẹ̀. "Ẹ ṣeun mà, ẹ máa mí lọ." Ìparí èémí síta ni ká ti yà á, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá fa èémí ńlá, torí ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún afẹ́fẹ́ á bo ọkàn. Bí ìlù ọkàn kò bá létò, tí yàrá òkè kàn ń gbọ̀n, mẹ́ta kò tó. Ẹ gba márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ wá àròpín wọn.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ dín jíjìn kù kí yàrá òsì nìkan lè kún ojú rẹ̀. Yàrá òkè kò ní iṣẹ́ kankan nínú àwòrán yìí. Ẹ dín fífẹ̀ ojú kù títí tí iye àwòrán nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan á fi lé ní 50. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ á ti dúdú, tí ògiri á ti hàn. Nígbà tí ẹ bá ń fa ìlà, òpó ẹran méjì tó di okùn fáàfù mú á wà nínú yàrá, kì í ṣe nínú ògiri. Láti ìdè fáàfù ní ẹ̀gbẹ́ kan dé ìdè rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìlà tọ́ọ́rọ́ ni. Ẹ má tẹ̀ lé ewé fáàfù wọ inú yàrá òkè.

Níbi ìlà yìí gan-an ni ìdí pàtàkì tí ẹ́kò fi máa ń kéré sí MRI wà. Inú yàrá òsì kò dán. Okùn ẹran wẹ́wẹ́ bo ojú ògiri rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín wọn kọjá. Ẹ́kò kì í sábà lè ya àwọn okùn náà sọ́tọ̀, ó ń fi gbogbo rẹ̀ hàn bí ògiri kan tó nípọn, ọwọ́ ẹni á sì fa ìlà sí ojú tó kọjú sí ẹ̀jẹ̀. Ìlànà sọ pé ẹ̀yìn okùn ni kí ìlà gbà, lójú ògiri tó ki gan-an, ṣùgbọ́n a kò lè tẹ̀ lé ohun tí a kò rí. Ẹ fi ṣóńṣó tí a gé dànù kún un, ẹ ti rí ibi tí mílílítà 36 àpẹẹrẹ wa lè gbà lọ.

Oògùn àfihàn kan wà tó ń tún èyí ṣe, ìhó wẹ́wẹ́ tí gáàsì wà nínú rẹ̀, tí a ń fi abẹ́rẹ́ fà sínú iṣan. Ẹ̀jẹ̀ á funfun lójú ẹ̀rọ, á wọ àárín àwọn okùn, ìlà ògiri á sì yọ kedere. Ìlànà ní kí a lò ó bí ibi méjì tó tẹ̀ léra lára ògiri kò bá hàn. Agbára ìró gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gan-an nígbà tí a bá ń lò ó, kí àmì MI, tó ń sọ agbára ìró lójú ẹ̀rọ, má ju 0.2 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìró fúnra rẹ̀ ló máa fọ́ ìhó náà, ṣóńṣó á sì dà bí ẹni pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Oògùn yìí wọ́n, kò sì sí ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ má ṣe fi omi iyọ̀ tí a gbo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró á sẹ́ ìhó ti omi iyọ̀ kúrò kí ó tó dé apá òsì. Ó wúlò láti wá ihò nínú ògiri tó pín ọkàn sí méjì, kò wúlò fún ìwọ̀n yàrá òsì.

Ẹ́kò tó ń rí gígùn, ìbú àti jíjìn pọ̀, tí a ń pè ní 3D, kò nílò kí a máa méfò ohun tó wà láàárín ojú méjì, ó ń gba gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ gígé ṣóńṣó sì dínkù níbẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń gba ìlù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó rán wọn pọ̀. Bí aláìsàn bá mí tàbí tí ìlù kan bá yẹ̀, ojú ìránpọ̀ á hàn bí ìlà tí ògiri ti ṣẹ́. Èyí tó bá ní ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Níbi tí 3D bá wà tí àwòrán sì mọ́, òun ni mo fẹ́ ju ojú méjì lọ fún ẹni tí a ó máa wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún púpọ̀.

Gèlè àti bàtà

Iye kan náà lè jẹ́ ìlera fún ọkùnrin, kó jẹ́ àìsàn fún obìnrin. Ìlànà 2015 fún ẹ́kò ojú méjì fi ìwọ̀n kíkún yàrá òsì sí 62 sí 150 fún ọkùnrin, 46 sí 106 fún obìnrin. EF jẹ́ 52 sí 72 fún ọkùnrin, 54 sí 74 fún obìnrin. Ẹ tún gbọ́dọ̀ pín ìwọ̀n sí ìtóbi ara. Ẹ fi gíga ní sẹ̀ǹtímítà lọ́nà ìwúwo ní kílò, ẹ pín in sí 3600, kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀. Fún ẹni tó ga ní 165, tó wúwo ní 62, ó jẹ́ 1.69. Nítorí náà 112 di 66 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Òkè ààlà obìnrin jẹ́ 61, ti ọkùnrin jẹ́ 74. Ọkàn yìí ti tóbi jù bó bá jẹ́ ti obìnrin. Bó bá jẹ́ ti ọkùnrin, kò sí nǹkan kan.

Nítorí náà wíwọn ara kì í ṣe ohun tí a ń fi sáré ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n tú gèlè tàbí ṣí fìlà. Mo rí i pé gíga tí a wọ̀n pẹ̀lú gèlè máa ń wọ inú èsì láì sẹ́ni tó ṣàkíyèsí, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan á sì ti kún ara ẹni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má bi wọ́n ní ìwúwo tí wọ́n rántí, ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n. Ẹ kọ ẹ̀jẹ̀ ríru ọjọ́ náà sílẹ̀, torí ọkàn tó ń tì lòdì sí 190 kò ní fún pọ̀ bí èyí tó ń tì lòdì sí 120. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, yàrá ọkàn rẹ̀ á kéré sí tàná, láìjẹ́ pé àìsàn ti lọ.

MRI: òun la fi ń díwọ̀n àwọn yòókù

MRI kì í gbára lé egungun ìhà tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń gé yàrá òsì àti ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀ gan-an, ègé onímìlímítà 8 pẹ̀lú àlàfo 2 láàárín, kí ègé kọ̀ọ̀kan lè dúró fún sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ fi àyè ojú ègé lọ́nà 1, ẹ ti ní mílílítà rẹ̀. Ègé bíi mẹ́wàá máa ń kárí yàrá òsì, a ó sì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25 sí 30 láàárín ìlù kan. Fún ègé kọ̀ọ̀kan, aláìsàn á di èémí mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 8 sí 15, ní ìparí èémí síta. Ìwọ̀n yàrá kò nílò gadolinium, oògùn àfihàn ti MRI, rárá. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tàn lórí àwòrán. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lera, tí wọ́n ti fi gadolinium dẹ́rù bà.

Ṣùgbọ́n MRI náà ní ibi tí ọwọ́ ti ń yẹ̀, ìyẹn ègé òkè pátápátá tó sún mọ́ fáàfù. Bí ọkàn bá fún, fáàfù á fa ara rẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1.5. Ègé tó jẹ́ yàrá ìsàlẹ̀ nígbà kíkún á ti di yàrá òkè nígbà fífún. Ẹni tó bá fa ìlà yí i ká nígbà méjèèjì ti fi ẹ̀jẹ̀ yàrá òkè kún ìwọ̀n fífún. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí ègé náà bá gba 15, 62 á di 77, EF á sì jábọ́ láti 58 sí 48. Ègé kan ṣoṣo ti sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di aláìsàn ọkàn. Òfin tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹran ọkàn yí ìdajì ègé náà ká ó kéré tán, kí a tó kà á mọ́ yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ tún fi ojú gígùn yẹ̀ ẹ́ wò.

Àyẹ̀wò kan wà tí mi ò lè fojú fò dá. Ohun tí yàrá òsì tì jáde àti ohun tí yàrá ọ̀tún tì jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba bí fáàfù kò bá ń jò tí ògiri àárín kò sì ní ihò, torí ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí po. Bí òsì bá jẹ́ 86 tí ọ̀tún jẹ́ 60, tí kò sì sí fáàfù tó ń jò, ẹ padà lọ wo àwọn ìlà yín.

Ẹ béèrè agbára mágínẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kọ ìwé ránni lọ. Ẹ̀rọ tẹsílà 1.5 tó ní kọ́ìlì ọkàn àti ECG tirẹ̀ ni a nílò. Ẹ̀rọ kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.2 sí 0.35 ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó lọ́ra jù fún ohun tó ń lù láìdúró. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ní ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn ọkàn. Ẹ bi ọdẹ àtijọ́ léèrè bóyá ọta ìbọn ṣakabùlà wà lára rẹ̀, pàápàá nítòsí ojú. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ òrùka àti ońdè tí irin bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n yọ píìnì inú gèlè. Ẹni tó ní ẹ̀rọ amúọkànlù nínú àyà, ẹ wá káàdì ẹ̀rọ náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tó sì ń sùn lórí ìrọ̀rí mẹ́ta nítorí èémí kò ní lè dùbúlẹ̀ gbalaja fún ìṣẹ́jú 45. Ẹ kọ́kọ́ fa omi ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ tó rán an lọ.

CT àti ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán

CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X-ray ya ara ní ègé-ègé, ń fi ojú ògiri hàn ju gbogbo wọn lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì sún mọ́ ti MRI. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni ìtànṣán àti oògùn oníáyódíìnì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí ìlù ọkàn wálẹ̀ sí 65 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Oògùn tó mú un wálẹ̀ ti jẹ́ kí ọkàn kún ju bó ṣe máa ń kún lọ, omi oògùn àfihàn sì tún fi kún un. Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ ya CT nítorí ìwọ̀n yàrá nìkan. Bí wọ́n bá ti fẹ́ yà á tẹ́lẹ̀ nítorí iṣan ọkàn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ya gbogbo ìlù. Ọ̀nà tó ń dín ìtànṣán kù máa ń ya ìgbà kan péré nínú ìlù, kò sì sí EF nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò tí à ń pè ní MUGA ń fi technetium-99m, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, kọ àmì sára ẹ̀jẹ̀ pupa, ó sì ń ka ìtànṣán tó ń jáde nígbà kíkún àti nígbà fífún. Kò bìkítà bí ọkàn ṣe rí, ìdí nìyẹn tí EF rẹ̀ fi ṣeé fọkàn tán fún ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ tó lè ba ọkàn jẹ́. Mílílítà ni kò mọ̀ dáadáa. Bí ibi tí wọ́n ti mú ìtànṣán ẹ̀yìn bá bọ́ sórí ọlọ́ inú, wọ́n á yọ púpọ̀ jù, EF á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Láti Èkìtì, UCH ní Ìbàdàn ni a sábà máa ń ronú kàn bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìtànṣán báyìí, technetium yẹn sì ń dín sí ìdajì ní gbogbo wákàtí 6. Ẹ fóònù kí aláìsàn tó wọ mọ́tò.

Yàrá ọ̀tún, yàrá òkè

Yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún kò ní ìrísí tí Simpson lè gé. Ó ṣe pẹlẹbẹ, ó sì yí òsì ká. Ẹ má kọ mílílítà rẹ̀ láti inú ẹ́kò ojú méjì rárá. Ẹ kọ bí fáàfù rẹ̀ ṣe rìn sísàlẹ̀ tó; ohun tí kò bá tó mìlímítà 17 kò dára. Ẹ kọ bí àyè ojú rẹ̀ ṣe dínkù tó pẹ̀lú. Tí kò bá tó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá nílò mílílítà gan-an, MRI tàbí 3D ni.

Ìgbà tí yàrá òkè òsì kún jùlọ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kété kí fáàfù tó ṣí, lójú tí a yà fún òun nìkan. Ẹ yọ ẹnu iṣan ẹ̀dọ̀fóró àti àpò etí rẹ̀ kúrò. Ohun tó bá ti kọjá 34 fún mítà onígun mẹ́rin kan ti tóbi. Láàárín àwọn ẹlẹ́jẹ̀-ríru wa, yàrá yìí sábà máa ń sọ ohun tí ọkàn ti ń fara dà tipẹ́, kí EF tó yí padà. Fífẹ̀ rẹ̀ láti iwájú sí ẹ̀yìn nìkan kò tó, torí ó lè tóbi sókè sísàlẹ̀ láì fẹ̀ sẹ́yìn.

Bí a bá ń tọ ipa aláìsàn kan

Ẹ yan ọ̀nà kan, kí ẹ dúró lé e. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ̀rọ kan náà, ọwọ́ kan náà. Lórí ẹ́kò ojú méjì, EF tó yí láti 55 sí 50 lè jẹ́ ọwọ́ àti ojú lásán. Mi ò ní dá oògùn jẹjẹrẹ ẹnikẹ́ni dúró lórí ìyẹn láì tún un yà. Ohun tó bá fi ìdá 10 jábọ́, tó sì wá sí ìsàlẹ̀ 50, ìyẹn ni ká gbé dìde. Níbi ààlà 35 àti 40, níbi tí wọ́n ti ń pinnu oògùn tuntun tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí àyà, ó tọ́ kí a wá MRI bí owó bá wà, torí ìnáwó tó wà lẹ́yìn ìpinnu náà ju ti àwòrán lọ fíìfíì.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ìlà èsì rí nìyí: "Yàrá ìsàlẹ̀ òsì, ẹ́kò 2D, Simpson ojú méjì, láì lo oògùn àfihàn: kíkún 112, fífún 47, EF 58, ara 1.69, ẹ̀jẹ̀ ríru 138/84, ìlù 76, ó létò, ṣóńṣó hàn dáadáa." Kò gùn jù. Dókítà tó bá kà á ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìbàdàn á mọ bí òun ṣe máa fi wé tirẹ̀. Bí ṣóńṣó kò bá hàn, ẹ kọ pé kò hàn, kí ẹ sì fojú díwọ̀n EF dípò kí ẹ fa ìlà yí òkùnkùn ká.

Ẹ tẹ "save" kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, torí iná lè lọ nígbàkígbà, ọ̀pọ̀ UPS ò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ da fídíò náà sórí fíláàṣì ní DICOM, irú fáìlì tí ẹ̀rọ àwòrán ìṣègùn mìíràn lè ṣí, fún aláìsàn. Ìwé dídán tí ẹ̀rọ ẹ́kò ń tẹ̀ jáde máa ń ṣá nínú ooru, kò sì sẹ́ni tó lè tún ìlà fà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà, kí ọmọ aláìsàn fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí orúkọ, ọjọ́ àti àwọn iye ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn nínú fọ́tò náà.